Mo Gbé Ẹ̀rí Àǹtí Fúnkẹ́ fún Ẹgbẹ́ Olórin Ska

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì: ohun tí mo ṣe ń rùn. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé àwo yín sílẹ̀ ná.

Dùnsìn ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mò ń ṣe ìmọ́tótó ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Moncalieri, mo sì ń fun fèrè onídẹ ní ìjọ wa ní Barriera di Milano, níbí ní Turin. Kò sẹ́ni tó fi ìwé kọ́ mi. Mo dúró ti ẹni tó ń fun ún, mò ń wo ìka ẹ̀, mo sì gba fèrè náà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó kó lọ sí Jámánì. Bí mo ṣe kọ́ gbogbo nǹkan láyé nìyẹn.

Nígbà tí mo dé Turin tí mi ò mọ ẹnì kankan, Àǹtí Fúnkẹ́ ló gbà mí sílé. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹran sínú ọ̀rá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá ọmọ wọn kan ṣoṣo, Mofìyìnfólúwa, ni wọ́n fi mí sí. Fìyìn là ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kò sí Yorùbá tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n èdè Ítálì ló fi ń dáhùn. Tí màmá ẹ̀ bá ní, "Fìyìn, wá fọ abọ́," á ní, "Arrivo, mamma," mò ń bọ̀, kò sì ní wá.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi jẹ oúnjẹ Àǹtí Fúnkẹ́.

Olórin kan tó ń jẹ́ Lorenzo ló gbọ́ fèrè mi lójú títì. A ń wàásù nítòsí ọjà lọ́jọ́ Sátidé kan, òun náà ń kọjá lọ. Ó dúró títí a fi parí.

"Chi ti ha insegnato?" Ta ló kọ́ ẹ?

"Nessuno," mo ní. Kò sí.

"Ó hàn," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ńṣe lò ń fun ún bí ẹni tó ń bá èèyàn jà. Irú ẹ là ń wá."

Ska ni orin tí òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kọ. Orin àwọn èèyàn dúdú Jàmáíkà ni láti ìbẹ̀rẹ̀, rẹ́gẹ́ ni àbúrò rẹ̀. Gìtá ẹ̀ ò ní dún níbi tí ẹsẹ̀ ẹ bá ti balẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti gbéra ló ti máa ń dún: ká! ká! ká! Fèrè á wá gba orí ẹ̀ kọjá. Lorenzo ní orin náà ti sùn tipẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ló ń jí i padà ní Turin, ní Padua, ní Verona. Àwọn tiẹ̀ wá po punk mọ́ ọn. Punk ni ariwo àti eré àsápajúdé. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ní ilé méjì á gbé gìtá, á máa pariwo pé ìyà ń jẹ òun.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ìgbà ìyìn ní ìjọ wa, tí onílù bá ti mu kọfí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, mo ti mọ gbogbo orin wọn. Mo sọ nílé pé wọ́n fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ mi.

Gàráàjì kan la ti ń ṣe ìfidánrawò. Ó ń rùn fún ìbọ̀sẹ̀ àti bíà tó ti kan. Onílù wọn máa ń tutọ́ sínú ìgò, á sì gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fèrè mi. Mo fara dà á, nítorí tí mo bá ti gbé fèrè sẹ́nu níbẹ̀, èmi kì í ṣe ẹni tó ń nu ìgbẹ́ arúgbó mọ́.

Ní oṣù kìíní, Lorenzo mú ọmọkùnrin afunfèrè kan wá láti conservatorio, ilé-ìwé orin. Ọmọ náà ń ka orin lójú ìwé bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Èmi ò lè kà á.

"Má bínú, Dùnsìn," Lorenzo ní. "À ń wò ó lásán ni."

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún wa níbi iṣẹ́ náà nìyẹn kí wọ́n tó lé wa.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí.

Lọ́sàn-án Sátidé kejì oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin ìjọ wa máa ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì jẹ́ ẹ̀rí tí kò ṣeé jẹ́ níwájú ọkùnrin. Ìyá Ìjọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na agbọ̀n síta: "Ẹ kó fóònù yín síbí. Ohun tí a bá sọ níbí, ibí ló ń gbé." Fóònù tèmi nìkan ni kì í wọ agbọ̀n, torí èmi ni mo ń gba orin ìyìn sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n wá. Tí orin bá ti parí, kí n pa á.

Lọ́jọ́ ti oṣù kejì, mo gbàgbé. Mo búra fún yín, ìgbàgbé ni. Èyí tí kì í ṣe ìgbàgbé ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àǹtí Fúnkẹ́ dìde. Wọ́n ní ẹ̀rí kan ti wà nínú àwọn láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oko písì ni wọ́n ti ń já èso ní Cuneo nígbà náà, inú kọ̀ǹténà ni wọ́n ń sùn, ọkùnrin tó fún wọn lóyún ti sá lọ sí France. Ní orílẹ̀-èdè yìí, obìnrin tó bá bímọ sílé-ìwòsàn lè ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun mọ́ ọmọ náà. Wọ́n á fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá kó tún un rò, lẹ́yìn ìyẹn ọmọ ti di ti ẹlòmíì. Àǹtí Fúnkẹ́ ní kí wọ́n má kọ orúkọ àwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ẹ̀rí obìnrin rí mọ bó ṣe máa ń di orin lẹ́nu wọn. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lé ọ̀rọ̀ náà.

"Cuneo ni mo fi ọmọ mi sílẹ̀! Mo fi í sílẹ̀! Mo fi í sílẹ̀, mi ò bojú wẹ̀yìn! Mo ní ẹ gbé e lọ, mi ò fẹ́ rí i!"

Wọ́n wá sọ bí wọ́n ṣe padà lọ gbé e lọ́jọ́ kẹjọ. Fìyìn ni ọmọ náà. Kò sí obìnrin tí kò sunkún nínú yàrá yẹn.

Ìyá Ìjọ dìde. "Ọmọ yìí ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láéláé," wọ́n ní, "àfi lẹ́nu ìyá ẹ̀, lọ́jọ́ tí ìyá ẹ̀ bá fúnra ẹ̀ yàn. Ṣé a gbọ́?"

A ní àmín. Èmi náà ní àmín.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, nínú gàráàjì, mò ń fi orin ìyìn wa han Lorenzo bóyá á rí nǹkan mú níbẹ̀. Orin parí, mi ò tètè pa fóònù. Ohùn Àǹtí Fúnkẹ́ bú jáde.

"Dúró!" Lorenzo fò dìde. "Ta nìyí?"

Bọ́tìnnì kan péré ni mi ò bá tẹ̀.

"Màmá kan ní ìjọ wa."

"Tún un gbé sí i."

Mo tún un gbé sí i. Onílù ti ń fi ọwọ́ lu orúnkún ẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo wo ọmọ conservatorio: ó ti gbé fèrè ẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹ̀ mọ́. Èmi ni wọ́n ń wò. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi dé ìsàlẹ̀ ikùn.

"Kí ló ń sọ?" Lorenzo bi mí.

"Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni."

"È una bomba," ó ní. Bọ́ǹbù ni èyí.

Mo sọ fún ara mi pé Yorùbá ṣáà ni. Ta ló gbọ́ ọ nínú wọn? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú òyìnbó, ẹ má díbọ́n pé ẹ ò mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo wa la máa ń ṣe é nínú tram 4, ọkọ̀ ojú irin ìgboro: a ó jókòó, a ó máa fi ẹnu bọ́ aṣọ lára ẹni tó jókòó síwájú wa, torí a gbà pé èdè wa ní kọ́kọ́rọ́. Mo gbà pé ohùn Àǹtí Fúnkẹ́ wà nínú yàrá títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń gbé e jáde.

Èmi fúnra mi ni mo gé e. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ọmọ conservatorio ò padà wá.

Oṣù kẹta la kọ́kọ́ kọ ọ́ níta, ní Padua. Ohùn náà á ké nígbà mẹ́ta, gìtá á wọlé, ká! ká! ká!, fèrè mi á wá gùn ún. Tí wọ́n bá gbọ́ "Cuneo," wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, torí ìlú tí àwọn ará Ítálì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé á máa fò sókè, bíà ń dà sára wọn, àwọn ọmọkùnrin aláìwẹ̀wù ń fi òógùn ra ara wọn, gbogbo wọn ń ké e: "Mo fi sile! Mo fi sile!" Wọ́n ń tu ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú itọ́ síra wọn lójú.

Lorenzo ti tẹ̀ ẹ́ sára tíṣáàtì. Dúdú àti funfun onígun mẹ́rin, bíi ti àwọn oníska, MO FI I SILE gàdàgbà láyà ẹ̀. Èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì tí mò ń tà á. Ọmọbìnrin kan tó pa irun láwọ̀ ewé bi mí pé kí ló túmọ̀ sí.

"Ẹ ṣeun, Olúwa," mo ní.

"Che bello," ó ní, pé ó mà dára o, ó sì fi ẹnu tó ń làágùn ko mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

Mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Àǹtí Fúnkẹ́ ti bu oúnjẹ mi pamọ́ sínú fìríìjì.

"Dùnsìn, ṣé iṣẹ́ yìí ò ti wá pọ̀ jù? Wo bójú ẹ ṣe jìn. Jókòó, kí n gbé e kaná fún ẹ."

Mo jókòó. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún ní kí wọ́n fi ẹran kún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, wọ́n gbà wá fún àjọ̀dún orin kan ní pápá ìṣeré níbí ní Turin, ọ̀sán gangan. Fìyìn rí àwòrán mi lára ògiri nítòsí ilé-ìwé ẹ̀. Ó sáré wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Zia, sei tu!" Àǹtí, ẹ̀yin nìyí!

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ọmọ ìjọ."

"E tu, allora?" Ẹ̀yin ńkọ́?

Ó mú mi rẹ́rìn-ín. "Má sọ fún màmá ẹ. O ò sì gbọdọ̀ wá o."

Ó ní òun ò ní wá. Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, mo bá Lorenzo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fo orin màmá yẹn lónìí."

"Orí ẹ pé ṣá? Orin tí wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́?"

"Lónìí nìkan."

"Kí ló dé?"

Tí mo bá sọ ìdí ẹ̀, mo máa jẹ́wọ́ irọ́ tí mo ti pa fún un tẹ́lẹ̀. Mo wọ tíṣáàtì náà bíi ti àwọn yòókù, mo gun pèpéle.

Fìyìn wà níwájú pátápátá láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì. "Zia! Zia Dùnsìn!" Ó ti mọ ijó wọn, orúnkún lókè, ìgúnpá lókè. Orí mi wú. Ẹ gbà mí gbọ́, orí mi wú.

Ohùn náà bú jáde.

"Cuneo ni mo fi ọmọ mi sílẹ̀!"

Mo rí i tójú ẹ̀ là. Ó di ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan mú, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń fò: "È mia madre! È mia madre!" Màmá mi nìyẹn! Inú ẹ̀ ń dùn. Ó dá ohùn ìyá ẹ̀ mọ̀ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

"Mo fi í sílẹ̀, mi ò bojú wẹ̀yìn!"

Ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lókè.

"Mo ní ẹ gbé e lọ, mi ò fẹ́ rí i!"

Ìlú Cuneo ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí ẹ̀. Òun nìkan ni ìyá ẹ̀ bí. Kò nílò kẹ́nikẹ́ni ṣàlàyé. Gbogbo èrò tó yí i ká ń fò, wọ́n ń ké e sí i létí, òun nìkan ló dúró sójú kan, ó ń wò mí.

Gìtá wọlé. Ó ku ìdún mẹ́rin kí n wọlé. Mo gbé fèrè sẹ́nu, mo sì fun ún. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibí ló ń kó mi nírìíra jù: mi ò ṣì í fun. Mi ò fun ún dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo fi sọ̀kalẹ̀, ó ti lọ. Mo já wọ tram. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Àǹtí Fúnkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Fìyìn dúró níwájú wọn.

"Mamma, è vero?" Ṣé òótọ́ ni?

"Kí ni òótọ́? Kí lò ń sunkún sí? Dùnsìn, kí ló ṣe é?"

Wọ́n yíjú sí mi. Ojú wọn bọ́ sí àyà mi, mo sì rántí ohun tí mo wọ̀. Wọ́n kà á jẹ́jẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń ka ìwé ilé ẹjọ́.

"Mo... fi í... sílẹ̀." Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ta ló kọ ọ́ sí ẹ láyà, Dùnsìn?"

"Àǹtí, ẹ dákun..."

"Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè."

"Èmi ni. Fóònù mi ló gbà á. Mo gbé e fún àwọn olórin."

Fìyìn dá sí i. "La cantavano tutti, mamma. Ridevano." Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ká ní Àǹtí Fúnkẹ́ nà mí ni, ì bá sàn. Wọn ò gbéwọ́.

"Bọ́ ọ," wọ́n ní.

"Àǹtí..."

"Mi ò ní jẹ́ kí o gbé e gba àtẹ̀gùn tí àwọn aládùúgbò mi wà kọjá. Bọ́ ọ síbẹ̀."

Mo bọ́ ọ. Wọ́n fi ìka méjì gbé e, bí ẹni gbé eku tó kú sínú ìkòkò, wọ́n jù ú sínú àpò ìdọ̀tí. Wọ́n lọ sídìí omi, wọ́n ń fọwọ́. Wọ́n fi ọṣẹ sí i, wọ́n ṣan án, wọ́n tún fi ọṣẹ sí i.

"Mamma," Fìyìn ní, "dimmi di no." Ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Fúnkẹ́ ò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ń ṣàn lọ́wọ́ wọn.

"Wọ́n padà wá gbé ẹ!" mo ké. "Fìyìn, wọ́n padà wá..."

"Pa ẹnu ẹ dé," Àǹtí Fúnkẹ́ ní, wọn ò yíjú. "Ìyẹn náà, o fẹ́ bá mi sọ ọ́? Jáde."

Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì sí ìhòhò, mo jáde.

Mo sọ òótọ́ fún Lorenzo lọ́jọ́ kejì. Mo ní ohun tí màmá náà ń sọ nìyí, ọmọ ẹ̀ sì wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ mọ́. Ojú ẹ̀ wá tàn.

"Ancora meglio," ó ní. Ó tún dáa sí i nìyẹn. "Ìtàn òótọ́ ni! Ṣé o mọ bí ìyẹn ṣe lágbára tó?"

Mo bì sójú títì. Ẹ má rò pé tìtorí òun nìkan ni mo ṣe bì. Ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ojú mi ní Ọjọ́bọ̀ tí mo tún ohùn náà gbé sí i.

Mo fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọmọ conservatorio ló ń fun fèrè ní ipò mi báyìí. Orin náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ìjọ gba fèrè ìjọ lọ́wọ́ mi, wọn ò bá mi wí, wọ́n kàn na ọwọ́. Mò ń gbé pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́ta kan ní Moncalieri.

Ẹ̀yin tí fóònù yín gbé ohùn ẹlòmíì, tí ẹ ń sọ fún ara yín pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́: ẹni tí kò yẹ kó gbọ́ gan-an ni èdè náà yé jù. Ẹ pa á rẹ́ kó tó dùn mọ́ yín.

Lóṣù tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ jáde, mo bá Fìyìn níbùdó ọkọ̀. Ó ti rù. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ó fà sẹ́yìn.

"Dammi l'audio," ó ní. "Quello intero." Ẹ fún mi ní ohùn náà. Odindi ẹ̀.

"Fìyìn..."

Ó ń yára sọ̀rọ̀, èdè Ítálì ń ya lẹ́nu ẹ̀. Ó ní tí òun bá ti bi màmá òun, wọ́n á wọ balùwẹ̀, wọ́n á ṣí omi. Ó ní òun ti gbọ́ bí wọ́n ṣe fi òun sílẹ̀, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ. Òun fẹ́ gbọ́ ibi tí wọ́n ti padà wá, lóhùn wọn.

Ogójì ìṣẹ́jú ni odindi ẹ̀rí yẹn. Lẹ́yìn tí mo gé èyí tí Lorenzo fẹ́, fóònù mi kún. Mo fẹ́ àyè fún fọ́tò Padua.

"Mo ti pa á rẹ́," mo ní.

"Tutto?" Gbogbo ẹ̀?

"Èyí tó wà nínú orin nìkan ló kù."

Kò sunkún. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, Fìyìn, etí mi ló gbọ́ ọ. Wọ́n ní omi ọmú ń rin aṣọ àwọn nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan tó jókòó tì wọ́n bọ́ ṣálì ọrùn ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé ẹ dé, o di ìka wọn mú, nọ́ọ̀sì ò lè já a. Wọ́n ní..."

Ẹnu mi ló ń wò, bí èèyàn ṣe ń wo nǹkan tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà ẹ̀.

"Lo dici tu," ó ní. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dé, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, kò wò mí mọ́. Ọ̀rọ̀ tó kù ṣì wà lẹ́nu mi, òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á láti ẹnu yẹn.